Igi Tí Kò Dé Ibi Fìlà

Wọ́n fi ohùn ìlù òkú dá àlejò lára yá, wọ́n sì gbé àbúrò òkú jókòó sórí àga rẹ̀ kí fìdáù rẹ̀ tó pé.

Mo sọ ọ́ ní ṣókí bẹ́ẹ̀ nítorí pé bí mo bá fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó, àwọn tó ṣe é á ní àlọ́ ni mo ń pa. Èmi kì í pa àlọ́. Físíìsì ni mo kọ́ ní yunifásítì, òun náà ni mo fi ń jẹun ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ṣakí. Bí ọmọ kíláàsì mi kan bá dárúkọ iwin, mo máa ń ní kó dìde kó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa lójú pátákó. Irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ gbà mí gbọ́, tàbí kí ẹ kúkú má gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé àlá ni mo lá. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn wà ní àtàrí. Èrò kún inú gbọ̀ngàn.

Àwa mẹ́rin là ń ṣe orin jáàsì. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín, pé kí ni jáàsì ń wá ní Òkè-Ògùn. Ẹ rín in tán. Bàbá Onífèrè ni olórí wa, ọkùnrin tó fọn fèrè nínú ẹgbẹ́ olórin àwọn ṣọ́jà títí ó fi fẹ̀yìn tì wálé. Sùúrù ń tẹ dùùrù. Èmi ń ta gìtá béèsì. Mùfútáù, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Sàkírátù, ló ń lu ìlù òyìnbó, àwọn ìlù àti abọ́ idẹ tí wọ́n tò yí ẹnì kan ṣoṣo ká, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ lé lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Kafíńtà ni. Ilẹ̀kùn ló ń kàn. Ó lè ti ìdí iṣẹ́ dé bá wa pẹ̀lú ẹ̀bu pákó nínú irùngbọ̀n, kó sì jókòó kó lùlù bí òjò àárọ̀.

Ilé tábà àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ìlú, lọ́nà tó lọ sí Ofiki. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń gbin tábà, ibẹ̀ ni wọ́n ń so ewé rẹ̀ rọ̀ sí kó gbẹ. Títí dòní, bí òjò bá ṣú, ògiri rẹ̀ ṣì ń rùn tábà. Ìgbìmọ̀ kan gba ilé náà, wọ́n fi páànù tuntun bò ó, wọ́n sọ ọ́ di gbọ̀ngàn, wọ́n ra ìlù síbẹ̀, wọ́n ní ká máa dánra wò níbẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà náà. Mi ò ní dárúkọ ìgbìmọ̀ yẹn. Wọ́n mọ ara wọn.

Nínú gbogbo orin tí à ń ṣe, ọ̀kan ló gbajúmọ̀ jù: Eré Ọ̀yà. Mùfútáù ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí wọ́n bá sun ìgbẹ́, kí iná tó dé ni ọ̀yà á ti máa sáré bọ̀, kò ní wo ọ̀tún, kò ní wo òsì. Bẹ́ẹ̀ lorin náà ṣe yá tó. Àwa yòókù á sáré tẹ̀ lé e fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo wa á dákẹ́ lójijì, a ó fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ìlù. Níbẹ̀ lẹ óò ti mọ̀ pé ènìyàn kan lè di ẹni mẹ́rin.

Ẹ fi etí sí ibi yìí, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Kò sí òǹkà tí a fi ń mọ̀ pé ó ti fẹ́ parí. Bó bá lù ú tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, á rẹ ohùn ìlù sílẹ̀, á gbé ọwọ́ òsì sókè, á fi ẹnu igi ìlù ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn. Àmì ìpè wa nìyẹn. Bí fìlà bá ti yẹ̀ báyìí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á bọ́ sínú orin, a ó jọ parí rẹ̀. Àwa mẹ́rin nìkan la mọ̀ ọ́n, àti ìyàwó rẹ̀ tó máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ kan ni fìlà náà á já sí ìsàlẹ̀.

Mùfútáù sùn lálẹ́ ọjọ́ kan, kò jí. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì kí wọ́n tó kírun Àlàásárì.

Nígbà tí a ti itẹ́ òkú dé, Bàbá Onífèrè kó wa lọ sí gbọ̀ngàn, a dojú gbogbo ìlù náà délẹ̀. Àṣà ilé tábà ni. Bàbá tó bí Bàbá Onífèrè wà lára àwọn tó ń so ewé rọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Bí ẹnì kan nínú wọn bá kú, wọ́n á dojú agbọ̀n rẹ̀ délẹ̀ títí fìdáù á fi pé, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì fi agbọ̀n òkú ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, olóògbé á rò pé òun ni wọ́n ń pè sẹ́nu iṣẹ́. Èmi ò gbà á gbọ́. Mo bá wọn dojú rẹ̀ délẹ̀ nítorí ọ̀rẹ́ mi tó kú.

Alága ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ pè wá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n ti gbé gbogbo ìlù náà dìde padà.

"Ta ló dojú ìlù ìgbìmọ̀ délẹ̀?" Ohun tó kọ́kọ́ bi wá nìyẹn.

"Alága, onílù wa kú," ni Bàbá Onífèrè wí.

"Mo gbọ́. Ọlọ́run á forí jì í. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń bọ̀ lọ́la wá wo gbọ̀ngàn. Eré Ọ̀yà ni mo kọ sínú ìwé ìpè."

"Ẹ jẹ́ ká ṣe òmíràn fún wọn, tí kò ní ìlù nínú."

"Iyán tí kò ní ọbẹ̀ lẹ fẹ́ fún àlejò nìyẹn." Ó kọjú sí mi. "Tíṣà, ṣebí ẹ fi ìlù ọkùnrin yẹn ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù nígbà kan?"

Òótọ́ ni. Nígbà ayé Mùfútáù, mo gba ohùn ìlù rẹ̀ nìkan sílẹ̀ kí n lè máa fi gìtá mi tẹ̀ lé e nílé. Ìgbìmọ̀ bèèrè fún un, mo fi ránṣẹ́. Alága ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ látinú sípíkà, kí ẹnì kan jókòó sídìí ìlù kó máa ju ọwọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó ní ẹni náà ti wà nílẹ̀. Ó ní Ìyá Sàkírátù, opó Mùfútáù, ti fọwọ́ sí i.

Irọ́ ni. Wọn ò bi í ní ohunkóhun. Wọ́n kàn rán obìnrin kan lọ gba fìlà ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi yàwòrán rẹ̀ sára ògiri gbọ̀ngàn. Opó náà fi omijé gbé fìlà lé wọn lọ́wọ́, ó ṣàdúrà fún wọn. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ka èyí mọ̀ pé ó ṣàdúrà fún wọn.

Ẹni tí wọ́n ní ó ti wà nílẹ̀ náà, Ráfíù ni, àbúrò Mùfútáù, baba kan ìyá kan. Ìsẹ́yìn ló ń gbé, aṣọ òfì ló ń hun. Ó wálé nítorí ìsìnkú, ó ń dúró de fìdáù. Bí ẹ bá rí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ látẹ̀yìn, ẹ ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Wọ́n sọ fún òun náà pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ní kó ṣe é.

Èmi àti òun jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà kí àlejò tó dé. Ó dé fìlà ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ tí mo mọ̀ ọ́n tẹ̀ ni ti òfì," ló wí. "Bí mo bá ṣì í, ó lè jẹ́ sányán ni mo máa hun jáde fún wọn."

"Má ṣáà fi igi kan awọ. Kàn máa ju ọwọ́."

"Ìyẹn náà ni mo wí fún Alága. Mo ní iṣẹ́ ọ̀lẹ nìyí, Mùfú á bú mi." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀rín tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kẹ́yìn nìyẹn.

Kí ẹ lè mọ̀ pé mi ò fi nǹkan kan pe òmíràn, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe tò ó. Wọ́n ká aṣọ nínípọn lé ojú ìlù kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi okùn rọ́bà so àwọn abọ́ idẹ mọ́lẹ̀, kí igi má baà dún bó bá ṣèèṣì kàn wọ́n. Ìlù ńlá tí à ń fi ẹsẹ̀ lù, wọ́n yọ irin tó ń lù ú kúrò. Ìlù tí kò lè dún ni wọ́n gbé sílẹ̀ níwájú Ráfíù. Ohùn Mùfútáù ń bọ̀ látinú sípíkà méjì lápá ọ̀tún àti apá òsì gbọ̀ngàn. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ráfíù gan-an. Bí mo bá na ọwọ́, màá kàn án.

Wọ́n kírun Àílà tán, àlejò jókòó, Alága sọ̀rọ̀ gígùn. Kò dárúkọ Mùfútáù. Kò sọ pé ẹnì kankan kú. Lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀.

Ó lọ déédéé. Mo bínú pé ó lọ déédéé. Fèrè ń sáré, dùùrù ń lé e, Ráfíù ń ju ọwọ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin, àwọn ènìyàn ń mi orí. A dé ibi tí a ti ń dákẹ́. A dákẹ́. Ìlù Mùfútáù nìkan ló kù látinú sípíkà.

Iná lọ.

Ẹ̀yin náà mọ Òkè-Ògùn, iná lílọ kì í ṣe ìròyìn. Fáànù òkè rọra dúró. Iná pupa kékeré tó wà lára sípíkà kú. Kọ̀ǹpútà ọmọkùnrin tó ń tẹ orin ṣókùnkùn, mo rí i tó gbé ọwọ́ lé orí. Jẹnẹrétọ̀ kò tíì dún.

Ìlù ò dúró.

Mo kọ́kọ́ rò ó bí olùkọ́. Mo ní bóyá sípíkà ní bátìrì. Kò ní in, èmi ni mo so wáyà rẹ̀ láàárọ̀. Mo ní bóyá páànù ló ń dá ohùn padà. Ohùn tí páànù bá dá padà máa ń kú lọ ni, èyí ń yá sí i. Àti pé kò wá láti ọ̀tún, kò wá láti òsì. Iwájú mi ló ti ń wá. Mo yíjú wo ìlù.

Igi ọwọ́ Ráfíù kò kan awọ. Mo fi ohun tí mo kọ́ àti ohun tí mo gbà gbọ́ búra. Àlàfo wà láàárín igi àti ìlù, mo rí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé níbẹ̀. Síbẹ̀ eruku ọyẹ́ tó wà lórí aṣọ tí wọ́n fi bo ìlù ń fò sókè. Nígbàkigbà tí ìró kan bá dún, eruku á fò.

Ìlù ńlá tí wọ́n yọ irin rẹ̀ ń dún gbì, gbì, nínú àyà mi.

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé eré ni. Ọ̀kan súfèé.

Ráfíù yọ́ ojú wò mí láìyí orí. Òógùn bò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe èmi," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ju igi yẹn sílẹ̀."

"Kò ṣe é jù. Ẹnì kan di ọwọ́ mi mú látẹ̀yìn."

Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ògiri ni. Ṣùgbọ́n mo gbóòórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ó mú bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ ìsọ̀ kafíńtà. Bàbá Onífèrè náà gbọ́ ọ. Mo rí i tí imú rẹ̀ ń ṣí, tí omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sára fèrè.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Sàkírátù yọ lẹ́nu ọ̀nà. Opó ni, kò yẹ kó jáde nílé rárá. Ilé rẹ̀ ò jìnnà sí gbọ̀ngàn, ó ń fọ aṣọ ọmọ lọ́wọ́ ni, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí ohùn náà ń wá látinú sípíkà, òun rò pé àwọn ènìyàn ń gbọ́ rédíò. Ìgbà tí iná lọ ni òun mọ̀ pé ọkọ òun ni.

Ó rìn láàárín èrò wá síwájú. Kò ké. Ó wo fìlà tó wà lórí Ráfíù, ó tún wo ibi ògiri.

"Bàbá Sàkírátù," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń jí ènìyàn lójú oorun lọ, "ó tó báyìí. Ẹ pe àwọn ènìyàn yín wọlé, kí ẹ máa lọ sinmi."

Ìlù rẹlẹ̀. Bó ṣe máa ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ gan-an ni.

Ọwọ́ òsì Ráfíù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, díẹ̀díẹ̀, ẹnu igi kọjú sí fìlà. Ẹ rántí, Ráfíù ò mọ àmì yẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Bàbá Onífèrè ti ki fèrè bọ ẹnu. Sùúrù gbé ọwọ́ lé dùùrù tí kò ní iná. Mo fi ìka lé okùn gìtá. À ń dúró. Igi kọjá èjìká, ó kọjá etí.

Alága sáré gorí pepele, ó di ọrùn ọwọ́ Ráfíù mú, ó já igi náà gbà.

"Ẹ má jẹ́ kí obìnrin yìí dójú tì wá níwájú àlejò," ó payín keke wí fún wa. "Ẹ kó ara yín kúrò."

Ohun gbogbo dákẹ́. Fìlà ò yẹ̀. Ọwọ́ Ráfíù dúró sókè níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, pẹ̀lú ìka tó dì mọ́ igi tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbẹ̀yìn.

A ṣe fìdáù. Àwọn ààfáà ṣàdúrà, a jẹ, a mu, Ráfíù padà sí Ìsẹ́yìn. Mo rò pé ó parí síbẹ̀.

Kò parí. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ọwọ́ òsì rẹ̀ á fi òfì sílẹ̀, ọ̀kọ̀ tó fi ń sọ òwú á já bọ́, ọwọ́ náà á gòkè, á dé ẹ̀gbẹ́ etí, á dúró fúngbà díẹ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀. Kì í lè dé orí. Wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n yẹ egungun àti iṣan rẹ̀ wò, wọn ò rí nǹkan kan. Ọwọ́ lahunṣọ fi ń jẹun. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń gbé òwú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Bàbá Onífèrè ní ohun kan ló lè tú u sílẹ̀: ká gbé ìlù yẹn kalẹ̀, ká fi igi yẹn sí i lọ́wọ́, kó dé fìlà yẹn, ká lu Eré Ọ̀yà títí fìlà á fi yẹ̀, ká sì jọ parí rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ń pè wá. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa ṣiṣẹ́. Ohun tí mo kọ́ nílé ìwé kò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n a ti lọ bẹ ìgbìmọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ní a fẹ́ sọ gbọ̀ngàn àwọn di ilé iwin. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti pààrọ̀ àgádágodo ẹnu ọ̀nà.

Èyí tó burú jù, wọ́n ti gbé fídíò ọjọ́ náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ń polongo gbọ̀ngàn wọn. Wọn ò kọ orúkọ Mùfútáù síbẹ̀. Wọ́n gé e dúró ní ibi tí igi ti kọjá etí.

Mo dán nǹkan kan wò, ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo tẹ fídíò náà nílé mi ní Ṣakí, láàárọ̀, tí kì í ṣe ọ̀sán. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, ìyàwó Ráfíù pè mí láti Ìsẹ́yìn. Ó béèrè ohun tí mo ṣe. Ó ní ọwọ́ ọkọ òun ti gòkè, ó ti pẹ́ díẹ̀, kò sọ̀kalẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, àti pé yàrá àwọn ń rùn pákó.

Nítorí náà, bí fídíò ìlù kan láti Òkè-Ògùn bá bọ́ sórí fóònù yín, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó dé fìlà tí kò bá orí rẹ̀ mu, mo bẹ̀ yín, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ ò rí nínú rẹ̀ ń dúró de ìdáhùn.

Èmi náà ń dúró de ìdáhùn, Alága, ẹ̀yin àti ìgbìmọ̀ yín. Ta ló gbé ìlù tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ dìde? Ta ló lọ purọ́ gba fìlà lọ́wọ́ opó? Ta ló sọ fún Ráfíù pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rán an? Kí ló dé tí ẹ fi di ọwọ́ rẹ̀ mú nígbà tí ó kù díẹ̀ kó dé ibi fìlà? Níbo ni igi tí ẹ já gbà náà wà báyìí, ta ló sì ń gbọ́ ìró rẹ̀ lọ́sàn-án? Ẹ ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn yẹn. Mùfútáù ló kàn án, ó sì dá mi lójú pé ẹ̀yin náà ti ń gbọ́ ẹni tó ń kàn án láti inú.